Omi Ọ̀ṣun Nígbà tí Ó Ṣì Mọ́ Gaara

Igbó Ọ̀ṣun wà ní apá gúúsù Òṣogbo, ní bèbè odò Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni ilẹ̀ rẹ̀, odò sì lọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ojúbọ 40 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ààfin méjì àti ibi ìbọ mẹ́sàn-án létí omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ewéko tí àwọn onímọ̀ ti kà nínú igbó náà lé ní oríṣi 400, èyí tí a sì mọ̀ pé ó ń ṣe oògùn nínú wọn lé ní 200. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ó sì di ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur, tó wọlé ní 1999. Nígbà kan rí, ìlú Yorùbá tí kò ní irú igbó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé àti ọjà, àwọn mìíràn sì kù bíńtín láàárín ìlú. Ti Òṣogbo ló ṣì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, tí ìbọ inú rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró.

Àmọ́ ohun kan ti yí padà láti bí ọdún mélòó kan wá, òfin tó dáàbò bo igbó náà kò sì rí i dá dúró. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n. Gbogbo odò ilẹ̀ Yorùbá ló máa ń pọ́n nígbà òjò, kò sì sẹ́ni tí ìyẹn ń yà lẹ́nu, torí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á tòrò. Ọ̀ṣun kì í tòrò mọ́. Nínú òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọ̀ amọ̀ pípò ni odò náà ń gbé kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn ère tó wà nínú igbó náà. Látìgbà tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó mọ igbó náà láti kékeré ti ń ròyìn bí omi ṣe rí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a bí láìpẹ́ lè rò pé bó ṣe wà nìyẹn látọjọ́.

Bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí odò náà dára jù lọ láti wò. Omi á fà, òkúta á yọrí, yanrìn ìsàlẹ̀ á sì hàn sí ẹni tó bá dúró lórí afárá olókùn irin tó gba orí odò kọjá. Ẹja á rọ́ jọ sábẹ́ òjìji igi. Wọn kì í tètè sá, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ìwọ̀ tàbí àwọ̀n dẹ wọ́n nínú igbó náà, èèwọ̀ ni. Obìnrin tó ń wá ọmọ á dé ní kùtùkùtù kí ẹsẹ̀ tó pọ̀ létí omi. Á kúnlẹ̀, á sọ tẹnu rẹ̀, á bu omi mu, á sì bu èyí tó máa gbé lọ sílé. Bí Olódùmarè bá sì dá a lóhùn, omi yẹn náà ni yóò fi máa wẹ ọmọ. Omi tútù ni oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun, ìkòkò rẹ̀ kì í sì í gbẹ nínú yàrá àwọn tó ń sìn ín.

Ìró pọ̀ nínú ìrántí wọ̀nyí ju ohun tí ojú rí lọ. Ṣaworo àti ẹ̀gbà idẹ máa ń dún lọ́wọ́ àwọn ìyá olórìṣà kí wọ́n tó yọ lọ́nà. Ọ̀bọ á máa han lórí igi, omi á máa hó lórí òkúta. Ẹni tó bá wọ inú igbó náà lónìí yóò ṣì gbọ́ ìró ọ̀bọ, àwọn ẹranko náà kò tilẹ̀ bẹ̀rù àlejò rárá. Idẹ náà ṣì ń dún. Ohun tí a ń bù sínú ìkòkò ló yàtọ̀.

Omi ni ìtàn ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, bí ìtàn ti sọ, kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí àìrí omi, wọ́n sì tẹ̀dó sí bèbè Ọ̀ṣun. Wọ́n ń gé igi láti fi ṣe ilé nígbà tí ọ̀kan já sínú odò, ohùn kan sì dún láti ìsàlẹ̀ omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Bí wọ́n ṣe bá òrìṣà náà ṣe àdéhùn nìyẹn: òun á dáàbò bò wọ́n, àwọn náà á fi etí odò sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì máa wá bọ ọ́ lọ́dọọdún. Wọ́n gòkè lọ síbi tí ìlú wà dòní. Ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́ pàápàá yóò rí i pé òfin ilẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni àdéhùn náà. Ibi púpọ̀ ní etí odò náà jẹ́ àbàtà. Nígbà tí òjò bá pọ̀, omi á kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, á wọ inú igi lọ, á sì dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Gbòǹgbò á di bèbè mú kó má ya, òjìji igi á mú omi tutù, ewé tó ń rà nínú omi á sì di oúnjẹ fún àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Bí ìlú bá kọ́lé sí irú ibẹ̀, àgbàrá ni yóò máa bá a gbé. Òṣogbo àtijọ́ kò kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ààfin àkọ́kọ́ ṣì wà nínú igbó náà láti fi hàn pé wọ́n ti dán an wò.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ pé ayé àtijọ́ dára, kí ó rántí ọdún 1950 sí 1960. Àsìkò yẹn ni igbó náà súnmọ́ ìparun jù lọ. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo. Àwọn àwòrò ń darúgbó láìrí ẹni rọ́pò wọn, àṣẹ tí ẹnu wọn ní lórí èèwọ̀ sì ti ń yẹ̀. Wọ́n ń dẹ igbó, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gé igi. Àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣòwò ti ń wọn ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ikán ń jẹ òpó àti ìlẹ̀kùn àwọn ojúbọ, òrùlé wọn sì ń wó. Omi mọ́ gaara nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbó tó yí i ká ń lọ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ sì ni ohùn tó dìde sí i. Ìrántí máa ń gbàgbé apá yìí, bóyá nítorí pé àwọn baba àti ìyá àwọn tó ń rántí náà wà lára àwọn tí kò dìde.

Àjèjì kan wà lára àwọn tó dìde. Susanne Wenger, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wá di Yunifásítì Ìbàdàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlù ú kò pẹ́ tó dé. Ẹ̀yìn àìsàn náà ló di ọmọlẹ́yìn Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tó sì wọ inú ìṣẹ̀ṣe pátápátá. Nígbà tó yá ló wá tẹ̀dó sí Òṣogbo. Àdùnní Olórìṣà ni ìlú ń pè é. Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti àwọn àwòrò fún un láyè láti tún àwọn ojúbọ tí ikán ti jẹ kọ́, iṣẹ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ bí àtúnṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di oníṣẹ́ ọnà. Kasali Akangbe ń gbẹ́ igi, Buraimoh Gbadamosi ń gbẹ́ òkúta, Saka Aremu ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Ẹni tó bá fetí sí orúkọ wọn á mọ̀ pé ilé ìmàle ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti fi ọdún gbọọrọ kọ́ ilé fún òrìṣà. Iṣẹ́ náà kò ya kánkán. Wọ́n á gbé egungun irin dúró, wọ́n á fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì bò ó, òjò á lu ú, wọ́n á tún un mọ. Ère Ìyá Mọ̀pó nasẹ̀, ó nawọ́, ó ga ju ilé lọ. Ère Alájere dìde pẹ̀lú ọwọ́ tó pọ̀ ju ti ènìyàn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe odi yí etí igbó ká, wọ́n sì mọ àwòrán sí i lára.

Àríyànjiyàn tẹ̀lé e, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ère náà kò jọ èyí tí àwọn baba ńlá gbẹ́, pé ojú òyìnbó ni Àdùnní fi wo Ọ̀ṣun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá mọ ère ìbejì àti ère Ṣàngó ayé àtijọ́, bí wọ́n ṣe dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ojú wọn sì pa rọ́rọ́, á rí i pé èyí tó wà létí Ọ̀ṣun ń lọ́ra, ó ń gùn, ó ń yọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ síta. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣòwò kò lè ri òpó ààlà mọ́ ibi tí irú ère bẹ́ẹ̀ dúró sí. Ère di odi. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 1992 sì ni ààbò náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. Nítorí náà, ohun tí àlejò ń yà fọ́tò rẹ̀ lónìí bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà Láròóyè kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó ń tà ní ọjà Òṣogbo. Igbó ló gbó. Ère jẹ́ iṣẹ́ àná.

Ọdún Ọ̀ṣun náà ti yí padà, ìyípadà rẹ̀ sì ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Oṣù Ògún ló máa ń wáyé, ọjọ́ 12 ló sì ń gbà. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún lóru, wọ́n á bọ adé àwọn ọba tó ti wàjà, gbogbo rẹ̀ á sì parí sí ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá ọrẹ láti ààfin dé odò. Wúńdíá láti ìdílé ọba ni Arugbá. Wọ́n á fi aṣọ bo igbá náà lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èrò á máa gbàdúrà sí i bó ṣe ń kọjá, wọ́n á máa fi ọwọ́ ju àìsàn àti òfò wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè bá omi lọ. Ní ayé ìjọun, ìlú àti àwọn ará agbègbè ló ń ṣe ọdún náà fún ara wọn. Lónìí, àwọn olùsìn ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá. Oxum tàbí Ochún ni àwọn kan nínú wọn ń pe òrìṣà náà, òun náà sì ni. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti ti ọtí ń náwó sí i, wọ́n ń ta àgọ́, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìlù. Inú àwọn olótẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń dín àkàrà dùn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọdún tó mú owó wọlé ni ìjọba kì í gbàgbé.

Ìgbà tí igbá bá ti wọ omi ni èrò á rọ́ lọ sétí odò. Tẹ́lẹ̀, akèrègbè àti ìkòkò ni wọ́n ń gbé wá. Kẹ́ẹ̀gì ló pọ̀ jù báyìí, funfun àti yẹ́lò, láti kékeré dé èyí tó gba jálá márùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì funfun kò fi nǹkan pamọ́. Ohun tí wọ́n bù ń hàn lára rẹ̀, ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Àwọn kan ṣì ń mu ún, wọ́n ní òrìṣà kì í fi májèlé fún ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn á jẹ́ kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á rọra da èyí tó wà lókè sínú ìgò, wọ́n á wá fi wẹ̀ dípò kí wọ́n mu ún. Ìyá àgbà kan tó bá ti ń bu omi níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún un.

Ọ̀nà jíjìn ni ìdí rẹ̀ wà. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti sun, ilẹ̀ tí odò náà ń gba omi rẹ̀ sì kan Ìjẹ̀ṣà kó tó dé Òṣogbo. Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wà á, nítorí náà ìwà tuntun kọ́. Èyí tó tuntun ni iye ènìyàn tó ń wà á láìgba ìwé àṣẹ, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi àti yanrìn. Awakùsà á gbẹ́ bèbè odò tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, á fi omi ṣan yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lórí pákó títí ohun tó wúwo á fi kù nílẹ̀. Gbogbo amọ̀ tó ṣàn kúrò níbẹ̀, odò ló ń gbà á. Àwọn tó ń lo mẹ́kúrì máa ń dà á sí ohun tó kù kó lè lẹ̀ mọ́ wúrà, wọ́n á sì fi iná lé e kúrò. Èyí tí iná kò gbé lọ sójú ọ̀run, ilẹ̀ àti omi ló ń bọ́ sí. Ojú lè rí amọ̀. Ojú kò lè rí mẹ́kúrì, kò sì ní adùn lẹ́nu, ara ẹja ló ń jókòó sí kó tó dé ara ẹni tó jẹ ẹja.

Ohun tí amọ̀ nìkan ń ṣe fún odò ti tó láti bà á jẹ́. Kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ewé inú omi á sì kú. Ó ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, ó ń di ihò àárín òkúta tí àwọn ọmọ ẹja ń sá sí. Igbó náà lè wà digbí lókè, kí ìdajì ohun abẹ̀mí rẹ̀ máa kú nísàlẹ̀ láìsí ariwo. Ká sì sọ òtítọ́, awakùsà nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Láti 1991 tí Òṣogbo ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni ìlú náà ti ń tóbi, ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé sì ń bá àgbàrá lọ sínú odò. Ọ̀rá omi tí àwọn olùsìn mu lọ́jọ́ ọdún wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Àdùnní kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93, ẹ̀rù tó ba ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àwọn ère á wó, igbó á sì tú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń sán, kòríko ń hù lára rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ tó bá a ṣiṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n kọ́ ń tún un mọ, àjọ ìjọba tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì ní òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Odi dúró. Ewu tí gbogbo ènìyàn ń retí láti ẹnu ọ̀nà gba inú omi wọlé.

Níbi yìí ni ìgbà àtijọ́ ti sàn ju ti òde òní, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó gbà sàn jù ú: èèwọ̀ kò ní òpó ààlà. Ẹni tó gbà pé Ọ̀ṣun ló ni omi gbà bẹ́ẹ̀ láti Ìgèdè dé ọ̀sà, kò sí ibi tí òrìṣà náà parí sí. Èèwọ̀ náà kò lágbára tó láti dá àwọn apẹja dúró ní 1955, kò sì lágbára láti dá ẹni tí ebi ń pa tó rí wúrà dúró lónìí. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ ní agbára, ó ní ọlọ́pàá, ó ní ilé ẹjọ́, àmọ́ hẹ́kítà 75 ló mọ̀. Olùṣọ́ igbó lè mú ẹni tó gé ẹ̀ka igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Mọ̀pó. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ẹni tó fi ẹ̀rọ hú bèbè odò ní Ìjẹ̀ṣà sọ.

Lẹ́yìn Òṣogbo, omi náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó kọjá ní Ẹdẹ, ó dé ìdídò Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn, kó tó wọ ọ̀sà ní etí òkun. Àwọn tí kò bọ òrìṣà kankan, tí wọn kò sì dé igbó náà rí, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mu Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ìwakùsà sì wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nínú òfin Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ kò lè fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn tó ń lọ sí Òṣogbo nínú oṣù Ògún, àti àwọn ará Ìbàdàn tí omi Aṣéjìrẹ́ ń dé ilé wọn, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Abuja, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé àṣẹ. Títí ìdáhùn á fi dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọdé ní omi náà mu.